Bí Kòkòrò Bá Fi Òkúta Inú Àpò Ìtọ̀ Ṣelé: Ìtọ́sọ́nà fún Aláìsàn àti Ẹni Tó Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bàbá kan wá sí kíníìkì tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ajé kan, ó sì gbé ọ̀rá dúdú lé orí tábìlì. Nígbà tí mo tú u, páálí oògùn ló kún inú rẹ̀, apakòkòrò oríṣi mọ́kànlá, gbogbo wọn ti ṣófo. "Ọmọ mi, láàárín ọdún kan ni mo lo gbogbo ẹ̀. Bí mo bá ti lò ó, ara á tù mí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìtọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí." Kò sẹ́ni tó tíì ní kí wọ́n ya skáànù fún wọn rí. Nígbà tí wọ́n yà á, òkúta mẹ́ta ló wà nínú àpò ìtọ̀ wọn. Èyí tó tóbi jù tó ẹyin ẹyẹlé.

Oògùn lè pa kòkòrò tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìtọ̀. Èyí tó sá wọ inú òkúta ni kì í sábà rí mú. Ẹni tó bá ń lo apakòkòrò tí kò sì wá bí òkúta yóò ṣe jáde, eku ló ń lé, kò dí ihò. Gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Kí ẹ tó kà síwájú

Bí ẹni tó ní òkúta nínú àpò ìtọ̀ bá ní ọ̀kan péré nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kódà bó jẹ́ òru ni:

- ibà tó dé 38°C tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá tí òtútù bá ń mú un tó sì ń gbọ̀n;
- ìrora ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun ìhà, tí èébì sì bá a rìn;
- ìtọ̀ kò jáde rárá mọ́, ìsàlẹ̀ ikùn wú, ó sì le koko;
- ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, tàbí oorun tí kò yẹ ń gbé e lọ;
- ara rẹ̀ tutù, ó ń làágùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òòyì sì ń kọ́ ọ.

Ó lè jẹ́ pé kòkòrò náà ti gun òkè lọ bá kíndìnrín, tàbí kó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wákàtí díẹ̀ lè sọ ọ́ di ohun mìíràn. Nílẹ̀ wa, bí ara bá ti gbóná tí òtútù ń muni, oògùn ibà ẹ̀fọn la máa kọ́kọ́ nawọ́ mú. Kò burú kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà láìjẹ́ pé ó bi yín pé òkúta wà nínú àpò ìtọ̀. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún tiẹ̀ lè má ní ibà kankan. Ohun tí ẹ máa rí ni pé wọn ò mọ orúkọ ọmọ wọn mọ́ láàárín ọjọ́ méjì péré. Àwọn ará ilé á ní ọjọ́ ogbó ló ń bá wọn jà, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ni. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ náà kò gbọ́dọ̀ dúró wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́la.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ bí òkúta àti kòkòrò ṣe ń bá ara wọn dọ́rẹ̀ẹ́

Ìtọ̀ tó bá ń jáde tán, ó ń fọ àpò rẹ̀ mọ́ bó ṣe ń jáde. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyókù bá ń ṣẹ́kù sínú àpò lójoojúmọ́. Nínú ọkùnrin tó ti dàgbà, pròsítéètì tó wú, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ tó sì yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, ló sábà máa ń fún ọ̀nà pọ̀. Nínú ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tàbí tí ọ̀kadà gbá tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́, iṣan tó yẹ kó sọ fún àpò ìtọ̀ pé kó fún ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìtọ̀ tó bá ti dúró pẹ́, iyọ̀ inú rẹ̀ á dì, á di òkúta, bí erùpẹ̀ funfun ṣe ń gbá jọ sí ìdí kẹ́tù. Ohunkóhun tí kì í ṣe ti ibẹ̀ náà lè di ọmọ inú òkúta: rọ́bà ìtọ̀ (catheter, tí wọ́n ń kì bọ àpò ìtọ̀ kí ìtọ̀ lè máa ṣàn jáde sínú báàgì) tó pẹ́ lára, òwú tí wọ́n fi rán iṣẹ́ abẹ tó ti kọjá. Mo ti gbọ́ nípa obìnrin tí ohun ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n fi sí ilé ọmọ rẹ̀ lú ibẹ̀ já, tó bọ́ sínú àpò ìtọ̀, tí òkúta sì yí i ká bí ẹran inú àkàrà.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kòkòrò ló kọ́kọ́ dé, òun ló sì kọ́ òkúta náà fúnra rẹ̀. Olórí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ni Proteus mirabilis. Ẹ ti gbọ́ òórùn rẹ̀ rí láìmọ̀. Ògiri ẹ̀yìn ọjà tí wọ́n kọ "Ẹ MÁ TỌ̀ SÍBÍ" sí, tí gbogbo ayé sì ń tọ̀ sí, òórùn tó ń ta ni nímú níbẹ̀, kòkòrò ló ń fọ́ yúríà inú ìtọ̀ sí wẹ́wẹ́, tó ń sọ ọ́ di amóníà. Proteus kì í dúró kí ìtọ̀ dé ara ògiri. Inú àpò ìtọ̀ ló ti ń ṣe é. Amóníà yìí á mú kí ìtọ̀ pàdánù ìkan tó wà lára rẹ̀. Ìwọ̀n pH rẹ̀, òǹkà tó máa ń gòkè bí ìkan bá ṣe ń dín kù, tó sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 6, á gòkè kọjá 7, nígbà mìíràn á tó 8. Bó bá ti dé ibẹ̀, mágnísíọ́mù àti fósfétì inú ìtọ̀ kò lè yọ́ mọ́, wọ́n á dì pọ̀ mọ́ amóníà, wọ́n á di òkúta tí wọ́n ń pè ní struvite. Òkúta yìí yára dàgbà. Kòkòrò tó kọ́ ọ sì wà ní àárín rẹ̀ gbùngbùn, bí ẹni mọ ilé tó sì di ilẹ̀kùn.

Lára òkúta tí kòkòrò kò kọ́ pàápàá, wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á ṣe ohun yíyọ̀ kan bo ara wọn, bí èyí tó máa ń wà lára dúrọ́ọ̀mù omi tí a kò fọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ da omi sí i, kò ní kúrò. Bí apakòkòrò ṣe ń kọjá lára wọn nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ya àmì òkúta sọ́tọ̀ kúrò lára àmì kòkòrò

Òkúta ló sábà máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ máa dà bọ̀ kó sì dédé já, tí ẹ bá yí ara padà tàbí tí ẹ dùbúlẹ̀, kó tún máa dà. Ó yí lọ dí ẹnu ọ̀nà ni. Ìrora tó máa ń jáde sí orí nǹkan ọkùnrin nígbà tí ìtọ̀ bá fẹ́ tán, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń kán ní ìparí ìtọ̀, iṣẹ́ òkúta náà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ọmọdékùnrin tó bá ń sunkún tó sì ń fa nǹkan rẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ tọ̀, ẹ má lù ú pé ó ń ṣeré burúkú. Ẹ gbé e lọ fún skáànù.

Ti kòkòrò ni kí ìtọ̀ máa ta ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó máa gbọ̀n ni lójijì bí ẹni pé ẹ ò ní dé ibi ìtọ̀, kó dúdú tàbí kó ní ìdọ̀tí bí omi ògì, kí òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Àwọn méjèèjì máa ń wọ inú ara wọn, nítorí náà ẹ má ṣe dájọ́ nílé. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ọjọ́ tí ẹ rí i sínú ìwé, kí ẹ mú un lọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń pè ní orúkọ tó fẹ́ jọra. Àtọ̀sí, ìyẹn àìsàn ìbálòpọ̀ tó máa ń mú ọyún jáde lójú ara. Àtọ̀sí ajá, ìyẹn tọ̀ẹ̀jẹ̀-tọ̀ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò inú odò ń fà. Àti èyí tí à ń sọ yìí. Oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì. Bí ẹ bá dàgbà ní etí odò tàbí ẹ̀bá adágún omi bíi ti Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àtọ̀sí ajá ti pọ̀, ẹ sọ fún dókítà. Ẹyin kòkòrò náà máa ń dá àpá sára àpò ìtọ̀, òkúta àti àkóràn sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi àpá náà. Ìtọ̀ tí ẹ bá fẹ́ fi wá ẹyin yìí, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ló dára jù láti gbà á.

Ọ̀rọ̀ "toilet infection" àti "staph" tí wọ́n ń pariwo lórí rédíò ńkọ́? Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Kò sí ẹni tí òkúta mú tí ṣíṣán ilé ìgbẹ́ máa wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fún láàbù ní ìtọ̀ kí oògùn tó kan ẹnu yín

Ibí yìí ni mo máa pẹ́ sí jù, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́. Kápúsù méjì láti ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì lè dá kòkòrò dúró díẹ̀ láìpa á, àyẹ̀wò á wá sọ pé kò sí nǹkan. Ẹ̀yin á máa ṣàìsàn, ìwé á máa sọ pé ara yín le.

Àyẹ̀wò tí ẹ nílò ni wọ́n ń pè ní urine MCS, èyí tí wọ́n fi ń mú kí kòkòrò inú ìtọ̀ hù kí wọ́n lè mọ orúkọ rẹ̀ àti oògùn tó ń rí i mú. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìtọ̀ tí èsì ń jáde ní ìṣẹ́jú méjì. Ìyẹn wúlò, pàápàá fún pH, ṣùgbọ́n kò lè dárúkọ kòkòrò, kò sì lè sọ oògùn tó máa rí i mú. Ó tiẹ̀ lè tàn yín jẹ. Bébà náà ń wá nitrite, àwọn kòkòrò bíi Enterococcus kì í sì í ṣe nitrite.

Bí ẹ ṣe máa gba ìtọ̀ náà rèé:

1. Ẹ gba ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ní láàbù. Ìgò oògùn ikọ́ tí ẹ fi omi gbígbóná ṣan kò tó, àní bí ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.
2. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ lówùúrọ̀ ló dára jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin tí ẹ ti tọ̀ kẹ́yìn.
3. Ẹ fọ ọwọ́. Kí obìnrin fi omi nu ojú ara rẹ̀ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, kó sì ya ètè rẹ̀ sọ́tọ̀ bó ṣe ń tọ̀. Kí ọkùnrin fi omi fọ orí nǹkan rẹ̀. Ẹni tí wọn kò dá abẹ́ fún á kọ́kọ́ fa awọ sẹ́yìn.
4. Ẹ jẹ́ kí èyí tó kọ́kọ́ jáde dà nù. Láìdúró, ẹ gbé ìgò sí i, kí ẹ gba ti àárín, tó bí ìdajì ìgò. Kí ẹ da ìyókù nù.
5. Ẹ má ki ìka bọ inú ìgò tàbí inú ìdérí rẹ̀. Ẹ dé e pa, kí ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sí i.
6. Ẹ gbé e dé láàbù láàárín wákàtí méjì. Nínú oòrùn wa yìí, kòkòrò kan lè di méjì láàárín ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìtọ̀ tó jókòó nínú dánfó láti Ìyànà Ìpájà dé ìsàlẹ̀ Èkó kò lè sọ òótọ́ mọ́. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ fi ọ̀rá dì í, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, kì í ṣe ibi tó ń di yìnyín. Ó lè wà níbẹ̀ tó wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹ má gbé e sẹ́bàá ọbẹ̀ ṣá o.

Ẹni tí rọ́bà ìtọ̀ wà lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fà á láti inú báàgì. Inú báàgì ti di adágún. Bí rọ́bà náà bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lára, kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n wá gba ìtọ̀ láti inú tuntun.

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni èsì máa ń gbà, nítorí wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí kòkòrò náà hù, wọ́n á tó fi oògùn dán an wò. Bí ara bá ń gbóná tí dókítà sì ní kí oògùn bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò burú rárá. Kí wọ́n ṣáà ti gba ìtọ̀ ná, ìṣẹ́jú márùn-ún kọ́ ló máa pa ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bá dókítà ka èsì náà

Orúkọ tí ẹ máa rí jù ni E. coli, tó ń ti inú ìfun wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí Proteus, Klebsiella, Providencia tàbí Morganella, ẹ béèrè pé: "Dókítà, ṣé èyí kì í ṣe irú tó ń kọ́ òkúta?" Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, S túmọ̀ sí pé oògùn náà ń rí i mú, R túmọ̀ sí pé kòkòrò náà ti gbójú sí i. Bí wọ́n bá kọ pé kòkòrò oríṣiríṣi ló hù pọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìtọ̀ náà bàjẹ́ nígbà tí ẹ ń gbà á. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ra oògùn.

Èsì lè sọ pé kòkòrò wà, kí ara yín sì dá ṣáṣá. Ìyẹn wọ́pọ̀ nínú àwọn tí rọ́bà ìtọ̀ wà lára wọn. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò la ń pa. Bí kò sí ìrora, tí kò sí ibà, dókítà lè fi í sílẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ aboyún, tàbí ẹni tí iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ ń bọ̀ wá bá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Oògùn

Mi ò ní kọ iye mílígíráàmù síbí. Kíndìnrín yín, ọjọ́ orí yín àti oyún ló ń pinnu ìyẹn. Ohun tí mo lè sọ ni èyí tí àwọn èèyàn máa ń ṣì mú.

Nitrofurantoin dára fún àkóràn àpò ìtọ̀ lásán, ṣùgbọ́n Proteus kì í gbọ́ tirẹ̀ rárá, kì í sì í ṣiṣẹ́ tí kòkòrò bá ti dé kíndìnrín. Bí ẹnìkan bá fi wo ìyàwó rẹ̀ sàn, ẹ má yá a lò. Ciprofloxacin kì í bá mílíìkì, oògùn inú ríro tó funfun bí ẹfun, tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin ṣe pọ̀. Wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ nínú ikùn, kò ní wọ ara. Ẹ lò ó ní wákàtí méjì ṣáájú wọn, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Abẹ́rẹ́ gentamicin tí àwọn kan ń gún kiri nínú ṣọ́ọ̀bù lè ba kíndìnrín àti etí jẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti gún un fún yín, níbi tí wọ́n ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Nítorí òkúta wà níbẹ̀, dókítà lè fún yín ní oògùn ọjọ́ 7 sí 14. Ẹ lò ó tán. Bí ibà kò bá tíì lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ padà lọ. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan dí ọ̀nà tí oògùn kò lè là.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Omi, àti àwọn ohun tí kì í ṣe omi

Ẹ mu omi tó lítà méjì àbọ̀ sí mẹ́ta lóòjọ́. Píọ̀ wọ́tà tí wọ́n kọ 50cl sí, márùn-ún sí mẹ́fà nìyẹn. Bí ìtọ̀ bá funfun bí omi tí a fún ọsàn díẹ̀ sí, ó tó. Bó bá pọ́n bí omi tíì, ẹ mu sí i. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀, kó pín in láàárín ìṣínu àti sààrì, kó má dà á sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ibà bá wà lára, ẹ jáwọ́ nínú ààwẹ̀ ná, kò sí àlùfáà tó máa bá yín jà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa kò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé òǹkà yìí. Kó bi dókítà rẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ dí pátápátá náà kò gbọ́dọ̀ máa mu omi kó lè ti òkúta jáde. Ńṣe ni àpò á máa wú sí i.

Ẹ má máa fún ìtọ̀ mọ́ra. Ẹ̀yin awakọ̀ tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ń mú lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Àgbo tó ń fọ́ òkúta? Mo ti rí àwọn tó mu ún títí kíndìnrín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, òkúta sì wà níbẹ̀ tó ń wò wọ́n. Ó ní irú òkúta kan, èyí tó ti ara uric acid wá, tí oògùn ilé ìwòsàn lè yọ́ nípa mímú kí ìkan inú ìtọ̀ dín kù. Oògùn kan náà, bí ẹ bá fún ẹni tó ní struvite, á ràn án lọ́wọ́ láti tóbi sí i ni, nítorí inú ìtọ̀ tí kò kan ló ti ń hù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ má fi ọwọ́ ara yín yan oògùn tó ń yọ́ òkúta.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wá òkúta náà rí, kí ẹ sì yọ ọ́

Skáànù ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ mu omi lọ, kí àpò ìtọ̀ kún. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wò ó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tọ̀, kí wọ́n sì tún un wò, kí wọ́n lè kọ iye ìtọ̀ tó ṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ń gbàgbé ìyẹn, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ ohun tó bí òkúta. Kí wọ́n wo kíndìnrín méjèèjì àti pròsítéètì pọ̀. Ẹ́síréè nìkan kò tó, nítorí òkúta uric acid kì í hàn nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀dọ̀ dókítà yúrọ́lọ́jì, ìyẹn oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀, lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà àdúgbò yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí LUTH ní Èkó. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà. Wọ́n lè ki ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ojú ọ̀nà ìtọ̀, kí wọ́n fi lésà tàbí ohun mìíràn fọ́ òkúta, kí wọ́n sì ṣan án jáde. Wọ́n lè lu ihò kékeré ní ìsàlẹ̀ ìdodo. Wọ́n sì lè la ìsàlẹ̀ ikùn kí wọ́n gbé e jáde lódidi. Èyí tó kẹ́yìn yìí ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, wọ́n á ní àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n fún òkúta tó tóbi gan-an, ọ̀nà tó dára ni síbẹ̀, èérún rẹ̀ kì í sì í sábà ṣẹ́kù. Fún struvite, èérún ni ọ̀tá. Èyí tó tó orí abẹ́rẹ́ lè gbé kòkòrò tó máa kọ́ òmíràn.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ béèrè kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Ṣé wọ́n ti tún MCS ṣe, ṣé ẹ sì ti ń lo oògùn tó bá èsì rẹ̀ mu? Fífọ́ òkúta nínú ìtọ̀ tí kòkòrò kún lè tú gbogbo wọn dà sínú ẹ̀jẹ̀. Èkejì, ṣé wọ́n máa tún ohun tó dí ọ̀nà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹni tí wọ́n yọ òkúta rẹ̀ tí wọ́n fi pròsítéètì tó wú sílẹ̀, a ṣì máa ríra. Ẹ̀kẹta, ṣé òkúta náà máa lọ sí láàbù? Àwọn aláìsàn wa fẹ́ràn láti gbé e lọ sílé nínú ọ̀rá, láti fi han ẹbí. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí láàbù mú tiwọn ná.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, rọ́bà ìtọ̀ á wà lára fún ọjọ́ díẹ̀, ìtọ̀ sì lè pọ́n díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Ẹ̀jẹ̀ dídì tó dí rọ́bà, tàbí ibà, ni kí ẹ pe nọ́ọ̀sì sí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Fún ẹni tí rọ́bà ìtọ̀ kò lè kúrò lára rẹ̀

Báàgì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju àpò ìtọ̀ lọ nígbà gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ ṣáájú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ da ìtọ̀ inú rẹ̀ nù kó tó kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọṣẹ àti omi lásán ni kí ẹ fi fọ ibi tí rọ́bà gbà wọ ara, lójoojúmọ́. Ẹ má da Dettol sí i. Ẹ má lo apakòkòrò lójoojúmọ́ láti fi dènà, àfi bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó lágídí jù nínú wọn ló máa yè é.

Ẹ béèrè irú rọ́bà tó wà lára yín. Ti látẹ́ẹ̀sì kì í pẹ́ tó ti sílíkónì, èyí tó lè lò tó ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìpàdé ẹbí. Nígbà tí wọ́n bá yọ ti àtijọ́, ẹ wo orí rẹ̀. Bí ohun funfun tó le bí ẹfun bá yí i ká, tàbí tí rọ́bà bá ń dí ní gbogbo ìgbà ṣáájú ọjọ́ tó yẹ, ẹ fi han dókítà lọ́jọ́ náà kí ẹ tó jù ú nù, nítorí bí òkúta tuntun ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, skáànù sì ti tó yà.